Irin wo ni kí n gbá wọ igi mépù mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá wa. Worcester ní Massachusetts ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4. Igi mépù méjì wà lẹ́yìnkùlé ilé tí a rà lọ́dún tó kọjá. Mo fi téèpù aránṣọ wọ̀n wọ́n yíká ní ọ̀gangan àyà mi: ọ̀kan jẹ́ íńṣì 44, èkejì jẹ́ íńṣì 70. Bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa gbọ́ pé a fẹ́ gba omi wọn, ká sè é di sírọ́pù, omi dídùn tó ki, ló bá gbé páálí kan wá fún wa. Sípáòtì irin 20 ló wà nínú rẹ̀, àwọn irin kékeré tí wọ́n máa ń gbá wọ ara igi kí omi lè máa kán sínú garawa, pẹ̀lú garawa páànù 6. Bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Àwọn kan wúwo, wọ́n sì ti dípẹtà. Àwọn kan fúyẹ́, wọ́n funfun. Méjì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ide. Mo tún rí àwọn tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tín-ín-rín ju ti bàbá yìí lọ. Èwo ni kí n lò? Ṣé kí n gbá gbogbo 20 náà wọ igi méjèèjì? (Ìyá Ìbejì, Worcester)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé tuntun o, Ọlọ́run á jẹ́ kó tura. Ìbéèrè tí ẹ fi parí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá 20 wọ igi méjì. Mẹ́ta péré ló tọ́ sí yín. Ẹ fi 3.14 pín ohun tí téèpù bá sọ, ẹ óò mọ bí igi ṣe nípọn tó láti ìhà kan dé ìkejì: èyí tó jẹ́ 44 nípọn ní íńṣì 14, èyí tó jẹ́ 70 nípọn ní íńṣì 22. Igi tí kò bá tíì nípọn tó íńṣì 12, ẹ jẹ́ kó máa dàgbà ní tirẹ̀. Láti 12 dé 18, ihò kan. Bó bá ju 18 lọ, ihò méjì, ibẹ̀ lèmi sì máa ń dúró. Mo mọ àwọn tó ń lu ihò mẹ́ta sára igi arúgbó. N kì í ṣe é.

Páálí ẹ̀bùn yẹn wá kàn. Ẹ̀bùn ńlá ni, ẹ má jẹ́ kí bàbá náà rò pé ẹ kò mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ohun kankan nínú rẹ̀ gba omi tí àwọn ọmọ yẹn yóò mu.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti di ọwọ́ ọmọ mú lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a lè mọ bí òjé ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Òjé inú omi kì í jẹ́ kí ẹnu mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ọpọlọ ọmọ, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe é tún ṣe. Àwọn dókítà kò rí iye kankan, bó ti wù kó kéré mọ, tí wọ́n lè sọ pé kò léwu fún ọmọdé. Nínú èdè wa, ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: oje ni omi ara igi, òjé ni irin rírọ̀ tó wúwo yẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má jẹ́ kí òjé wọ inú oje.

Garawa ló ti ń wá jù. Títí wọ ẹ̀wádún 1990, òjé ṣì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń jó ojú ìpàdé ọ̀pọ̀ garawa páànù pọ̀. Àwọn kan tún wà tí ojú wọn rí bí eérú, tí kò dán, tó jẹ́ pé àdàlú òjé àti tánńganran ni wọ́n fi bò wọ́n tinú tòde. Omi mépù ní kíkan díẹ̀ nínú, bí ahọ́n ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kíkan yẹn a sì máa họ òjé kúrò lára irin bí omi bá ṣe ń pẹ́ nínú garawa. Ẹ wá rò ó wò: bíi gálọ́ọ̀nù 40 omi igi lẹ óò sè kó tó ku gálọ́ọ̀nù 1 sírọ́pù. Omi nìkan ló ń bá ooru lọ. Òjé tó wà nínú gálọ́ọ̀nù 40 yóò dúró de àwọn ọmọ nínú ẹyọ kan tó kù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Garawa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, ẹ fi gbin òdòdó síwájú ilé, kí bàbá náà máa rí wọn tó bá ń kọjá. Kó má ṣe jẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí ohun jíjẹ lẹ óò gbìn sínú wọn. Garawa ike tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, èyí tó ní ìdérí, ni kí ẹ fi gba omi yín.

Ní ti àwọn sípáòtì, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, kí ẹ mú òòfà tí àwọn ọmọ fi ń lẹ àwòrán mọ́ fíríìjì. Èyí tí òòfà bá gbá mú, tó wúwo, tó ti dípẹtà, irin àtijọ́ ni, ohun tí wọ́n fi bò ó lára nígbà náà sì lè jẹ́ ohunkóhun. Ẹ yọ ọ́ sápá kan. Méjì tó pupa bí ide, ẹ yọ àwọn náà. Wọ́n sábà máa ń da òjé mọ́ ide kó lè rọrùn láti gé. Èyí tó bá kù, tó fúyẹ́, tó funfun bí ìkòkò ìsebẹ̀, tí òòfà kò kà kún, àlùmíníọ́mù tí wọ́n dà ni. Kò sí òjé tí à ń sá fún lára irú ìyẹn. Ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fọ inú rẹ̀, ó ti ṣe é lò nìyẹn.

Síbẹ̀, ká ní ẹ̀gbẹ́ mi lẹ wà ní ilé ìtajà, n kò ní jẹ́ kí ẹ lò ó. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mo ń wò.

Àwọn sípáòtì àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ íńṣì 7/16 gbogbo wọn. Àwọn tín-ín-rín tí ẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 5/16. Lójú, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ fojú igi wò ó: àyè tí ihò 7/16 gbà lára igi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 5/16. Igi kì í wo ọgbẹ́ sàn bí ẹran ara wa. Ṣe ló máa ń mọ ògiri yí i ká nínú, tí yóò sì pa ibẹ̀ tì. Ìlà igi tó ti kú yóò wà lókè ihò náà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ò sì ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láéláé. Bí ihò bá ṣe tóbi tó ni ìlà yẹn ṣe máa ń tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí èèpo tó bò ó. Ihò kékeré sábà máa ń dí láàárín ọdún kan sí méjì. Omi tí ihò kékeré ń mú jáde kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ńlá. Ibùdó ìwádìí mépù Proctor ti Yunifásítì Vermont, tó wà ní Underhill, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ká tìtorí omi díẹ̀ dá ọgbẹ́ tó tó méjì sí igi lára, n kò rí èrè rẹ̀.

Adẹ́mu ni bàbá mi ní Òkè-Igbó. Èmi ni mo máa ń ru agbè tẹ̀ lé e lówùúrọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gé ibi tó ń dá náà kó fẹ̀, kí ẹmu lè pọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí igbà, ó fi ọ̀pẹ mẹ́ta tó ti gbẹ ní oko ẹlòmíràn hàn mí, kò sì sọ nǹkan kan. Mo dé Vermont, mo rí bí wọ́n ṣe ń lu igi, ọ̀pẹ mẹ́ta yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí ẹ rà ni sípáòtì mẹ́ta 5/16, tí wọ́n fi irin sitéńlẹ́ẹ̀sì ṣe, tó ní ìkọ́. Kì í dípẹtà, ẹ lè sè é lọ́dọọdún, àwọn ìbejì yẹn á sì fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn. Ike náà wà, òun sì ni àwọn tó ń fi rọ́bà gígùn fa omi igi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń lò. Ṣùgbọ́n garawa tí ẹ bá gbé kọ́ ara sípáòtì, bí gálọ́ọ̀nù 3 omi bá kún inú rẹ̀, ó wúwo tó pọ́n-ùn 25. Òtútù a máa mú kí ike gan, ẹrù yẹn sì lè dá a. Irin ló yẹ iṣẹ́ garawa.

Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó. Kí ara rẹ̀ máa tín-ín-rín bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó lè há mọ́ igi yíká. Ẹ fi ìka kan ra ẹnu tó ń wọnú igi: bó bá ṣe ṣákaṣàka, yóò họ ihò inú, ibi tó bá sì họ ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i, tí omi fi ń tètè dá. Ahọ́n rẹ̀ níwájú gbọ́dọ̀ gùn tó kí omi lè kán sí àárín garawa. Èyí tí ahọ́n rẹ̀ kúrú ń jẹ́ kí omi padà tọ èèpo igi lọ sílẹ̀. Ìkọ́ tó dúró gbọn-in ló wù mí ju èyí tó ń mì lọ, torí afẹ́fẹ́ oṣù Máàṣì níbí lè gbé garawa òfìfo jù sí ilé keji.

Ojú dírílì gbọ́dọ̀ bá sípáòtì mu. Bí sípáòtì bá jẹ́ 5/16, 5/16 ni kí ojú dírílì jẹ́, kí ó jẹ́ tuntun, kí ó mú. Ẹ wé téèpù mọ́ ọn ní íńṣì 1½ kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ óò dúró. Ẹ jẹ́ kí orí dírílì gbé sókè díẹ̀ bí ó ṣe ń wọlé, kí omi lè máa ṣàn bọ̀ níta. Ẹ wo eruku igi tó ń jáde: bó bá funfun bí ọ̀rá wàrà, igi tó yè ni. Bó bá pupa bíi tábà, ibi tó ti kú lẹ wà, ẹ sún síwájú.

Gbígbá rẹ̀ wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo jí ní aago mẹ́fà, ìtara ò jẹ́ kí n dúró. Igi ṣì dì bí òkúta. Mo gbá sípáòtì náà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ohùn kan tí n kò lè gbàgbé, ṣákà! Igi là lókè ihò náà, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni omi fi ṣàn gba ojú ìlà yẹn wọlẹ̀, garawa gbẹ. Ó ti pé ọdún 19 báyìí, àpá náà ṣì wà lára rẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kàn án bí mo bá ń kọjá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ ra igi lára, kó jẹ́ ọ̀sán tí yìnyín ti ń yọ́. Hámà kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ fi etí tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa dún pó, pó, pó. Nígbà tó bá yí padà sí kọ́, kọ́, ó ti há nìyẹn. Ẹ má fi ẹyọ kan kún un.

Fún Worcester, àárín oṣù Fẹ́búárì ni kí ẹ ti máa wo ojú ọjọ́. Nígbà tí ìrudi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú lórí ẹ̀ka, tí omi bá ti ní òórùn tí kò dáa, ó ti parí. Ẹ fi pílásì mì í díẹ̀díẹ̀ yọ jáde lọ́jọ́ tí kò sí yìnyín. Ẹ má fi nǹkan kan dí ihò náà, igi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ihò tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti àtijọ́ tó íńṣì 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Bí ọdún bá dáa, ihò kọ̀ọ̀kan lè fún yín ní bíi gálọ́ọ̀nù 10. Mẹ́ta á jẹ́ 30, sírọ́pù inú rẹ̀ kò sì ní pọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gálọ́ọ̀nù kan lọ. Ìta ni kí ẹ ti sè é o. Ooru gálọ́ọ̀nù 29 nínú ilé ìdáná yóò bó ọ̀dà ògiri ilé tuntun yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Igi mépù tó wà nílé mi kì í ṣe irú tó ń fún ni ní ṣúgà, irú tí ewé rẹ̀ máa ń pupa fòò ni. Òmíràn tún wà níwájú ilé, létí títì. Ṣé sípáòtì kan náà ni? (Bàbá Fọlá, Brampton, Ontario)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Fọlá. Sípáòtì kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, ìlànà kan náà. Omi mépù pupa kò dùn tó ti mépù ṣúgà, ẹ óò sè é pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń tètè rudi, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Sírọ́pù rẹ̀ dùn lẹ́nu mi. Àmọ́ igi etí títì yẹn, ìjọba ìlú ló sábà máa ń ni irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbá ewé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé dírílì sún mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi sírọ́pù mépù ránṣẹ́ sí wa, ó dùn gan-an. Ṣé a ò lè gbin igi yìí ní Ìbàdàn, ká máa gba omi rẹ̀ bí ẹmu? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òtútù ló ń ti omi yẹn jáde. Lóru, nígbà tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, omi inú igi á dì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, igi á sì máa fa omi tuntun láti gbòǹgbò wá. Nígbà tí ọ̀sán bá móoru dé bíi dígírì 4 tàbí 5, dídì náà á yọ́, afẹ́fẹ́ á tú, á sì máa ti omi gba ihòkíhò tó bá rí. Láìsí òru dídì àti ọ̀sán yíyọ́, igi ò ní sun, sípáòtì yòówù kí o gbá sí i lára. Ìbàdàn ò ní òru bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pẹ kò nílò òtútù ní tirẹ̀. Ibi tí adẹ́mu bá gé ni omi rẹ̀ ti ń kán, ẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lọ bá adẹ́mu kan ní eréko kí oòrùn tó ràn, kí ẹmu àárọ̀ tó kan. Bu díẹ̀, kí o tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan náà tí o bá tọ́ sírọ́pù ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì kọ̀wé sí mi nípa bó ṣe rí lẹ́nu rẹ.